Ọpọlọ Àwọn Ọmọ Wa: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú sí Ìjọ àti sí Àwọn Olùkọ́

Ẹ̀kọ́ tí a gbé ọ̀rọ̀ wa kà: Ìhìnrere Máàkù, orí 9, láti ẹsẹ 14 títí dé ẹsẹ 29.



Ìtàn tí a yàn fún ẹ̀kọ́ oṣù yìí kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú yín. Olúwa wa ti orí òkè ológo sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú Pétérù, Jákọ́bù àti Jòhánù. Ní ìsàlẹ̀ òkè, ó bá àwọn ọmọ-ẹ̀yìn yòókù láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn akọ̀wé sì ń bá wọn jiyàn. Baba kan wà níbẹ̀ tí ó mú ọmọ rẹ̀ wá. Ọmọ náà a máa ṣubú lulẹ̀, a máa yọ ìfófòó lẹ́nu, a máa payín keke, ara rẹ̀ a sì máa le gan-an. Nígbà mìíràn a ṣubú sínú iná, nígbà mìíràn a ṣubú sínú omi. Baba náà ti bẹ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn kí wọ́n ràn án lọ́wọ́, wọn kò sì lè ṣe é.

Ẹ kíyè sí i, ará. Àwọn ọ̀mọ̀wé wà níbẹ̀, àwọn ọmọ-ẹ̀yìn wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ sì pọ̀ lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ náà wà bí ó ti wà. Iyàn pọ̀, ìrànlọ́wọ́ kò sí. Àwa tí a ń kọ̀wé yìí kò lè ka ìtàn náà mọ́ láìbojú wẹ̀yìn, nítorí pé ohun tí ó jọ ọ́ ṣẹlẹ̀ lójú wa, a kò sì ṣe dáadáa nínú rẹ̀.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a máa ń lọ ṣe àdúrà òwúrọ̀ fún, ọmọbìnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ ṣubú lórí ìlà bí a ti ń gba Àdúrà Olúwa lọ́wọ́. Wárápá ni ó gbé e. Kíá ni ariwo sọ, àwọn ọmọ sì tú ká bí ẹyẹ tí a sọ òkò sí. Ẹnìkan ń kígbe pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ itọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹlòmíràn ń wá ṣíbí tí yóò fi la eyín rẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ pàápàá fà sẹ́yìn. Kí a má baà purọ́ níwájú Ọlọ́run, àwa pẹ̀lú dúró lókèèrè. À ń gbàdúrà kíkankíkan, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wa kò sún mọ́ ibi tí ọmọ náà wà. Nígbà tí ó lajú, ó wò yíká, ó rí i pé òun nìkan ṣoṣo ni ó wà láàárín pápá. Ojú tí ó fi wò wá kò tíì kúrò lọ́kàn wa títí di òní.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn òbí mélòó kan wá, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí ó bá ọmọ àwọn jókòó. A sọ fún baba rẹ̀ pé kí ó mú un lọ sílé títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Àwọn àgbà wa a máa wí pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ará, ohun tí a ṣe gan-an nìyẹn: orí ni a bẹ́.

Ó tó ọdún kan lẹ́yìn èyí kí ojú wa tó là, kì í sì í ṣe láti inú ìwé ni ó ti là, bí kò ṣe láti ẹnu ọmọdé. Ẹ jẹ́ kí a sọ bí ó ti rí.

Ní ọdún 1996, ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tí à ń pè ní Dana Alliance for Brain Initiatives ya ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ nínú ọdún, kí àwọn onímọ̀ tí ń ṣe ìwádìí nípa ọpọlọ lè jáde kúrò nínú yàrá iṣẹ́ wọn, kí wọ́n lọ bá àwọn ará ìlú àti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ ní èdè tí ó yé wọn. Ọ̀sẹ̀ náà ti tàn dé ilẹ̀ púpọ̀ láti ìgbà náà wá. Nàìjíríà kò gbẹ́yìn: àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ní Ìbàdàn àti ní ibòmíràn, a máa lọ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ nítorí rẹ̀. Oṣù Kẹta ni a máa ń ṣe é, èyí tí ó fi máa ń bọ́ sí àárín Àwẹ̀ Lẹ́ńtì, nígbà tí Ìjọ ń yẹ ara rẹ̀ wò. Nínú oṣù Kẹta ọdún tí ó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta láti yunifásítì wá kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a wí yìí. Wọ́n pè wá kí a wá ṣí i pẹ̀lú àdúrà. A rò pé a ó gbàdúrà kí a sì máa lọ. Ṣùgbọ́n a jókòó títí ó fi parí.

Wọn kò gbé ẹ̀rọ ńlá kankan wá. Iṣu kan, ẹyin adìyẹ méjì, ike méjì tí ó ní ìdérí, àti rúlà onígi kan ni gbogbo ẹrù wọn. Nígbà tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà, ọpọlọ, sára pátákó láìfi àmì sí i, ọmọ kan kà á sí ọ̀pọ̀lọ́ inú ẹrẹ̀, gbogbo kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín. Láti inú ẹ̀rín náà ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n gbé iṣu náà yíká kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n. Nǹkan bíi kìlógírámù 1.4 ni, bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni ọpọlọ àgbàlagbà ti wúwo tó. Kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú àádọ́ta ìwọ̀n ara lọ, síbẹ̀ òun nìkan ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára tí ara ń lò nígbà tí a bá wà ní ìsinmi. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń jíṣẹ́ nínú rẹ̀ tó bílíọ̀nù 86. Fún ìgbà pípẹ́, bílíọ̀nù 100 ni gbogbo ènìyàn ń pè, láìmọ ẹni tí ó kà á. Títí obìnrin onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Bràsíl, Suzana Herculano-Houzel, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi wá ọ̀nà láti kà á dáadáa, tí wọ́n sì tẹ iye rẹ̀ jáde ní ọdún 2009. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi èyí pàápàá kọ́ àwọn ọmọ: ohun tí gbogbo ènìyàn ń wí kò di òtítọ́ títí ẹnìkan yóò fi jókòó kà á.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n fi ẹyin kan sínú ike gbígbẹ, wọ́n fi èkejì sínú ike tí wọ́n bu omi kún dé ẹnu, wọ́n dé méjèèjì, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ mì wọ́n. Ẹyin inú ike gbígbẹ fọ́ yángá. Ti inú omi kò ṣe ohunkóhun. Báyìí ni Ẹlẹ́dàá wa ti fi omi mímọ́ gaara yí ọpọlọ wa ká nínú agbárí, kí ó má baà máa kọlu eegun ní gbogbo ìgbà tí a bá sáré tàbí tí a bá fò. Ṣùgbọ́n omi náà ní ìwọ̀n. Wọ́n ju ike olómi náà sílẹ̀ láti òkè, ẹyin inú rẹ̀ sì fọ́ pẹ̀lú. Wọ́n wá béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ pé ta ni bàbá rẹ̀ ń gbé e lórí ọ̀kadà wá sí ilé-ẹ̀kọ́ láìdé akoto. Ọwọ́ tí ó lọ sókè pọ̀ púpọ̀.

Wọ́n fi rúlà hàn wọ́n bí ó ti ń pẹ́ díẹ̀ kí ojú tó rí i pé rúlà ń já bọ̀, kí ọpọlọ tó gbọ́, kí ọwọ́ tó gbà á mú; àti bí ọmọ tí ó bá gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ti ń yá ju bí ó ti bẹ̀rẹ̀ lọ. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ nínú ọpọlọ dàbí ọ̀nà oko: ẹsẹ̀ kan kò sọ igbó di ọ̀nà, ṣùgbọ́n bí a bá ń tọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, koríko yóò kú, ọ̀nà yóò sì là. Ibi tí a kò bá tọ̀ mọ́, igbó yóò padà bò ó.

Ní ìparí, wọ́n wá kan ọ̀rọ̀ wárápá. Wọ́n ní àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ a máa fi iná mànàmáná kékeré àti àwọn èròjà inú ara ránṣẹ́ sí ara wọn, olúkúlùkù ní àkókò tirẹ̀. Wọ́n ní kí ìlà àwọn ọmọ kọ̀ọ̀kan pàtẹ́wọ́ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, ó sì dún bí orin. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ pọ̀ bí agbára wọn ti tó, láìdúró de ara wọn. Ariwo náà sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń wí. Wọ́n ní ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ ẹni tí wárápá bá gbé nìyẹn: àwọn sẹ́ẹ̀lì púpọ̀ ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ara kò sì mọ èyí tí yóò gbọ́. Ìṣẹ́jú mélòó kan, ó sábà máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò sí nínú itọ́. Kò sí nínú àwo oúnjẹ. Kò lè ran ẹnikẹ́ni.

Nígbà náà ni ọmọkùnrin kan dìde. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí kò bá ràn, kí ló dé tí a fi lé e lọ?” Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a mọ ẹni tí ó ń wí. Àwọn ọ̀dọ́ náà wo olùkọ́. Olùkọ́ wò wá. Àwa sì wo ilẹ̀.

Ará, nítorí ìbéèrè ọmọ náà ni a ṣe padà sínú Ìhìnrere Máàkù, láti wo ohun tí Olúwa wa ṣe sí ọmọ tí ó ṣubú. A rí ohun mẹ́ta.

Lọ́nà kìíní, Olúwa wa béèrè. Ẹsẹ 21 fi hàn wá pé kí ó tó ṣe ohunkóhun, ó bi baba ọmọ náà léèrè ìgbà tí nǹkan yìí ti ń ṣe é. Ẹni tí ó mọ ohun gbogbo béèrè bí oníṣègùn ti ń béèrè, ó sì tẹ́tí sílẹ̀ títí baba náà fi sọ tirẹ̀ tán. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wà ní ọmọ ọdún méjìlá, Lúùkù sọ fún wa ní orí 2 pé àárín àwọn olùkọ́ ni a ti rí i, ó ń gbọ́ wọn, ó sì ń bi wọ́n léèrè. Nítorí náà, ìbéèrè kì í ṣe ọ̀tá ìgbàgbọ́. Ẹni tí ń béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ẹ má sì ṣe rò pé ìwádìí nípa ọpọlọ jẹ́ ohun tí àwọn aláìgbàgbọ́ gbé dìde láti fi bá Ìjọ jà. Ọ̀kan nínú àwọn baba ẹ̀kọ́ yìí jẹ́ ọmọ Ìjọ wa gan-an. Thomas Willis, oníṣègùn ní Oxford, ni a bí ní ọdún 1621. Nígbà tí àwọn tí ó gba ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ogun abẹ́lé wọn fi òfin de Ìwé Àdúrà, ilé Willis ni àwọn olóòótọ́ ń pàdé sí láti sin Ọlọ́run gẹ́gẹ́ bí ètò Ìjọ. Ní ọdún 1664, ó tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí bí a ti dá ọpọlọ. Christopher Wren, ẹni tí ó kọ́ Kàtídírà Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn náà, ya àwòrán sínú rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury, Gilbert Sheldon, ni Willis sì fi ìwé náà bu ọlá fún. Nínú ìwé mìíràn ní ọdún 1667, ó wá gbòǹgbò gìrì àti wárápá lọ sínú ọpọlọ. Igba ọdún géérégé lẹ́yìn ìwé àkọ́kọ́ yẹn, ní 1864, ni a fi Samuel Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury kan náà. Ìjọ tí ó fún wa ní bíṣọ́ọ̀bù ni Ìjọ tí ó bọlá fún ẹ̀kọ́ ọpọlọ. Kò yẹ kí a gba ọ̀kan kí a sì kọ èkejì.

Ilẹ̀ wa pẹ̀lú ní àwọn tí ó béèrè. Emmanuel Latunde Odeku, ọmọ Awẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́, tí a bí ní 1927, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di oníṣẹ́-abẹ ọpọlọ. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà. Ó padà sí Ìbàdàn ní 1962, ó dá ẹ̀ka iṣẹ́-abẹ ọpọlọ sílẹ̀ ní ilé-ìwòsàn yunifásítì níbẹ̀, ó sì fi ayé rẹ̀ ṣe é títí ikú fi mú un lọ ní 1974, láìtíì pé ẹni àádọ́ta ọdún. Oluwakayode Osuntokun, ọmọ Òkè-Mẹ̀sí, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá àwọn ará Igbó-Ọrà dé ilé wọn láti mọ iye àwọn tí ó ní wárápá. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1987 fi hàn pé nínú 1,000 ènìyàn, wọ́n lé díẹ̀ ní márùn-ún. Ẹ ṣírò rẹ̀, ẹ̀yin olùkọ́: ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ní ọmọ 400, a lè retí ọmọ méjì. Bí ẹ kò bá rí wọn láàárín yín, ẹ béèrè ibi tí wọ́n wà.

Lọ́nà kejì, Olúwa wa pàṣẹ pé kí a mú ọmọ náà wá sí ọ̀dọ̀ òun. Kò ní kí a gbé e jìnnà sí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kò ní kí ó dúró sílé títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Nígbà tí ọmọ náà tún ṣubú níwájú rẹ̀ gan-an, kò fà sẹ́yìn.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò wí pé, “Ṣebí Máàkù sọ pé ẹ̀mí ni ó wà nínú ọmọ náà?” Bẹ́ẹ̀ ni, àwa kò sì wá láti tún Ìhìnrere ṣe. Olúwa wa ní àṣẹ lórí ohun gbogbo tí ń da ènìyàn láàmú, èyí tí a rí àti èyí tí a kò rí. Ṣùgbọ́n ẹ ka Mátíù pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ Gíríkì tí Mátíù fi pe àìsàn ọmọ yìí ní orí 17, ẹsẹ 15, ni ó lò ní orí 4, ẹsẹ 24. Níbẹ̀ ni ó sì ti ka àwọn tí ó ní àìsàn náà sí ọ̀tọ̀, tí ó ka àwọn tí ẹ̀mí èṣù ń dà láàmú sí ọ̀tọ̀. Bí Ajíhìnrere bá mọ̀ pé ohun méjì ni, ta ni àwa tí yóò sọ wọ́n di ọ̀kan? Olúwa wa kò fún wa ní àṣẹ níbìkan láti pe gbogbo ọmọ tí ó ní wárápá ní ọmọ ẹ̀mí èṣù.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe iyàn ẹnu lásán. Ẹ̀mí ọmọ ènìyàn wà nínú rẹ̀. Àìsùn wà lára àwọn ohun tí ó máa ń ru wárápá sókè. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sí ìṣọ́ òru léraléra kí ó lè rí ìwòsàn, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá iná sí ohun tí ó fẹ́ pa. Ẹni tí ó bá sì ní kí ọmọ ju oògùn rẹ̀ nù lójijì nítorí pé a ti gbàdúrà, inú ewu ńlá ni ó fi í sí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ẹni mẹ́wàá tí ó ní wárápá, ó tó méje tí ó lè wà láìṣubú mọ́ bí a bá mọ àìsàn wọn dáadáa tí a sì tọ́jú wọn bí ó ti yẹ. Olúwa wa sọ̀rọ̀ àdúrà ní ẹsẹ 29, àwa náà yóò sì máa gbàdúrà. Ṣùgbọ́n a kò ní fi àdúrà sí ipò oògùn, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní fi oògùn sí ipò àdúrà.

Ẹ rántí iṣẹ́ Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, tí ó bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò ní ọdún 1954. Kò ti gbogbo àwọn aláìsàn ọpọlọ mọ́lé. Ó fi wọ́n wọ̀ sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tí ó yí ilé-ìwòsàn ká, tí àwọn ìbátan wọn sì wà pẹ̀lú wọn, wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń gbé láàárín ènìyàn. Ohun tí ará oko ṣe fún àjèjì, kí ni kò lè jẹ́ kí Ìjọ ṣe fún ọmọ tí ó ti ṣèrìbọmi fún?

Lọ́nà kẹta, Olúwa wa fà á lọ́wọ́, ó sì gbé e dìde. Ẹsẹ 27 ni èyí wà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan. Ọwọ́ kan ọwọ́. Níbí ni ẹ̀kọ́ tí a kọ́ àwọn ọmọ ti di iṣẹ́. Nítorí náà, ẹ kọ́ wọn ní ohun wọ̀nyí, ẹ̀yin olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ àti ti Ọjọ́ Ìsinmi, kí ẹ sì mọ̀ ọ́n fúnra yín.

Bí wárápá bá gbé ẹnìkan, ẹ kó àga, òkúta àti ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀, kí ẹ sì ká aṣọ sábẹ́ orí rẹ̀. Ẹ má ṣe dì í mọ́lẹ̀. Ẹ má ṣe fi ṣíbí, ìka tàbí ohunkóhun sí i lẹ́nu. Kò lè gbé ahọ́n rẹ̀ mì, ṣùgbọ́n ṣíbí lè kán eyín rẹ̀. Ẹ má ṣe bu omi tàbí àgbo sí i lẹ́nu, ẹ má sì ṣe ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Bí ó bá ti ń rọlẹ̀, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan kí itọ́ lè ṣàn jáde. Ẹ wo aago: bí ó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, tàbí bí òmíràn bá tẹ̀lé e láìjẹ́ pé ó jí, ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn. Ẹ má sì ṣe fi í sílẹ̀ títí yóò fi mọ ibi tí ó wà.

Ẹ̀yin Ẹgbẹ́ Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ wa: ọmọ ọwọ́ tí ibà mú tí gìrì sì ki, ilé-ìwòsàn ni ọ̀nà rẹ̀, kì í ṣe àgbo ìtọ̀ màlúù. Ó pẹ́ tí àwọn oníwádìí ilẹ̀ wa ti ń kọ̀wé nípa ewu àgbo náà. Ó ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, ọpọlọ ọmọ tí ebi ṣúgà ń pa kò sì lè dúró.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ kan kù tí ó jẹ́ tiyín. Ọpọlọ ọmọ ọdún mẹ́fà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó ti àgbàlagbà, ṣùgbọ́n kò ní parí títò ara rẹ̀ títí olúwa rẹ̀ yóò fi kọjá ogún ọdún dáadáa. Nítorí náà, ta ni ó fún wa ní àṣẹ láti wo ọmọ ọdún mẹ́jọ kí a sì pè é ní olódo? Ilé tí a kò tíì kọ́ tán ni a ń bú pé ó ń jò. Bí ọ̀nà oko rẹ̀ kò bá tíì là, ẹ bá a tọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ má sì ṣe fi ìkùùkù kàn án lórí. Ẹ ti gbọ́ ohun tí ó wà nínú ike náà.

Kò sí ìjọ tí ó kéré jù láti ṣe ohun tí àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta yẹn ṣe. Ẹ pe dókítà, nọ́ọ̀sì tàbí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ó bá wà nítòsí yín. Ẹ jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ ní Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ ara wọn mì ẹyin, kí wọ́n sì béèrè ohun tí ó wù wọ́n. Willis fi hàn pé ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ so mọ́ ara wọn bí òrùka, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣeé ṣe, bí ọ̀nà kan bá dí, kí ẹ̀jẹ̀ gba ọ̀nà kejì dé ibi tí a ti nílò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ilé, ilé-ẹ̀kọ́, ilé-ìwòsàn àti Ìjọ so mọ́ ara wọn yí ọmọ kan ká.

Ẹ̀yin tí ẹ ti bá wa dé ibí yóò fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin náà ti rí. A lọ sí ilé wọn ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Baba rẹ̀ gbé àga fún wa, ṣùgbọ́n òun kò jókòó. Ó ní, “Alúfàá, ẹ ní kí n mú un lọ títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Ọdún kan rèé, kò sí ẹni tí ó wá béèrè bóyá ó yá.” A kò ní àwáwí kankan. A bẹ̀ ẹ́, a sì bẹ ọmọ náà pẹ̀lú.

A bá wọn lọ sí ilé-ìwòsàn. Ó ti ń lo oògùn láti ìgbà náà, ó sì padà sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà tuntun. A kò ní sọ pé ó ti bọ́ pátápátá. Ó tún ṣubú lẹ́ẹ̀kan nínú kíláàsì. Ṣùgbọ́n olùkọ́ rẹ̀ sọ fún wa pé kò sí ẹni tí ó sá. Ọmọ kan fa àga sẹ́yìn. Ọ̀kan ká súwẹ́tà rẹ̀ sí i lábẹ́ orí. Ọ̀kan ń wo aago. Ọmọkùnrin tí ó bi wá léèrè ọjọ́sí ni ó sì jókòó tì í títí ó fi lajú. Ní àkókò yìí, nígbà tí ó wò yíká, ó rí ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà.

Ọlọ́run Baba, ìwọ tí o fi ọgbọ́n dá ọpọlọ ènìyàn, tí o sì fi agbárí àti omi dáàbò bò ó: a jẹ́wọ́ níwájú rẹ pé a ti sá fún àwọn tí ìwọ kò sá fún. Dárí jì wá. Bùkún àwọn tí ń wádìí, àwọn tí ń tọ́jú àti àwọn tí ń kọ́ni. Fún àwọn ọmọ wa ní ọkàn tí ń béèrè àti ọwọ́ tí ń gbé ẹni tí ó ṣubú dìde. Kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn kékeré rẹ má ṣe lajú láàárín wa kí ó sì bá ara rẹ̀ ní òun nìkan. Nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.